Orí Keje: Bí Ilé Ìdáná Àtijọ́ Ṣe Ń Di Ilé Adìẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹni tó bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ kan kọjá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí ní Pópó Àgùdà lápá Òpópónà Bámgbóṣé àti Campos, yóò já sí àgbàlá kékeré. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò bá ilé oníyàrá kan níbẹ̀, páànù rẹ̀ ti pọ́n, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé tì dáadáa mọ́. Irin kánópì, kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti àpótí ìyá àgbà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ilé ìdáná ni tẹ́lẹ̀.

Ìdí tó fi wà lẹ́yìn kò fara sin. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, tí yàrá tò sọ́tùn-ún sósì. Igi ni wọ́n fi ń dáná, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ èéfín nínú irú ilé bẹ́ẹ̀; ẹ̀yìnkùlé ni ìdáná àti balùwẹ̀ wà. Àwọn agboolé tó ti wà kí wọ́n tó dé náà kì í fi ààrò sí yàrá oorun. Nígbà tí sítóòfù kẹrosíìnì dé, tí gáàsì tẹ̀ lé e, ìkòkò kúrò lẹ́yìn, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìdáná wá di àpatì.

Irú ilé yìí lè gba ogún adìẹ ẹlẹ́yin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá tún un ṣe bó ṣe yẹ. Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀yìnkùlé ló rí bẹ́ẹ̀. Ìdáná ló yẹ jù nínú wọn, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, ìyẹn lílé èéfín jáde, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ kan náà tí adìẹ ń bẹ ilé ní ìlú olóoru.

Ọ̀nà tí èéfín là sílẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ìdáná àtijọ́ kan, kó gbójú sókè. Ògiri kì í kan páànù. Àlàfo wà láàárín orí ògiri àti òrùlé, tàbí kí bíríkìlà ti dá ihò sí búlọ́ọ̀kù òkè ní ìlà kan gbọọrọ. Igi àjà ti dúdú, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ kò dọ́gba: èérí èéfín máa ń ki jù létí àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òkè yìí ti rí àwòrán ìrìn afẹ́fẹ́ ilé náà láìsan kọ́bọ̀ fún ayàwòrán ilé.

Ohun tí adìẹ ń tú sínú ilé kì í ṣe èéfín, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà jáde. Èémí adìẹ gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá rin máa ń di amóníà, gáàsì tó ń ta ojú àti imú, tó sì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ó sì ń gbé wọn lọ. Bí òkè bá ṣí, wọ́n ó jáde. Bí òkè bá dí, orí adìẹ ni gbogbo rẹ̀ yóò padà wá dà lé.

Ilẹ̀ ìdáná náà ní oore tirẹ̀. Símẹ́ǹtì ni wọ́n sábà fi ṣe é, ó sì máa ń dagẹrẹ díẹ̀ sí ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí omi ìfọkòkò lè ṣàn lọ sí gọ́tà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ ilé adìẹ, ìdagẹrẹ yìí á ti dín iṣẹ́ kù ní ìdajì.

Ilé ìkẹ́rù yàtọ̀ pátápátá. Olè àti òjò ni wọ́n kọ́ ọ láti dènà, afẹ́fẹ́ sì bá wọn lọ: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé tí kò ju abọ́ lọ, ògiri tó kan páànù gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ilé adìẹ gbọ́dọ̀ wó tó ìdajì ògiri méjì, owó tó bá sì ná lé e lórí lè kọ́ tuntun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́, èyí tí agbépòó máa ń ti ẹ̀yìn fa garawa rẹ̀ yọ lóru, kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni rò ó. Kò lè gba ju adìẹ mélòó kan lọ, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún eku.

Kí òòlù tó kan ògiri

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ènìyàn 20. Ilé ìdáná oníyàrá kan kì í ṣe ilé alájà, ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ilé fara ti ilé, ògiri tí a rò pé ti ìdáná nìkan ni lè jẹ́ òun ló ń gbé ògiri aládùúgbò ró. Òfin ìṣètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2010 fi ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ sọ́wọ́ àjọ LASPPPA, ó sì fi ìṣọ́ ilé tó ti ń bàjẹ́ sọ́wọ́ àjọ LASBCA. Ilé tí LASBCA bá ti fàmì pupa sí lára kì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni ń ronú adìẹ sí.

Bíríkìlà tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ra símẹ́ǹtì tó so búlọ́ọ̀kù pọ̀. Bó bá ń di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òkun ti jẹ ẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n dá ihò tuntun sínú rẹ̀. Ẹ̀là tó dábùú láti igun fèrèsé lọ sí ilẹ̀ burú ju ẹ̀là tín-ín-rín tó wà lójú ìrẹ́ nìkan lọ. Ẹ̀là tó dábùú yẹn ń sọ pé ìpìlẹ̀ ti rì lápá kan.

Nǹkan méjì tún wà tí ojú kì í tètè rí. Àwọ̀ ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Adìẹ a máa ṣa ohun tó bá já bọ́ lára ògiri jẹ, òjé á sì gba ibẹ̀ wọ ẹyin tí ọmọ ilé máa jẹ. Kí wọ́n rin ọ̀dà náà kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n sì fi efun kun ògiri. Èkejì ni òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bo àwọn ilé kan láyé ọjọ́un. Èyí kò ṣeé fi ayùn gé tàbí fọ́ rárá, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà ń bẹ níbẹ̀. Ilé ẹbí ló pọ̀ nínú àwọn ilé yìí, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé kọ́ ló ni ín nìkan. Kí olórí ẹbí gbọ́ kí kápẹ́ńtà tó dé. Àwọn ilé kan sì wà tó ju ohun ìní ẹbí lọ: Ilojo Bar, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní Tinubu Square, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ó ṣì ń dun àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà. Bí ìdáná kan bá wà lẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀, àlàfo tó ti wà níbẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má ṣe dá òmíràn.

Adìẹ kì í làágùn

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe náà gún régé fún ìwà ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sin adìẹ gbọ́dọ̀ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí adìẹ kò ní ohun tó ń mú òógùn jáde lára. Ara rẹ̀ ń gbóná tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èémí ló sì ń lò láti fi tu ara: ó máa ya ẹnu, ó máa na ìyẹ́ apá kúrò lára, ó máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 30, oúnjẹ tó ń jẹ á dín kù. Èémí kíákíá yẹn sì ń lé kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú rẹ̀ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń ṣe èèpo ẹyin. Ìdí nìyí tí ẹyin oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ní Èkó fi máa ń ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ilé bá há. Ọ̀pọ̀ olówò ló máa ń di ẹ̀bi ru oúnjẹ adìẹ.

Fún ìdí yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni fífi kún ohun tí èéfín ti là sílẹ̀. Ògiri ìsàlẹ̀ tó ga tó sẹ̀ńtímítà 60 sí 90 ni kó dúró, kí òjò má baà ta sínú ilé. Láti ibẹ̀ dé òkè, waya ni kó gba ipò búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra, bí ògiri bá gbà á. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọ Èkó lọ́pọ̀ jù láàárín ọdún, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Níbi tí ògiri mẹ́ta bá ti jẹ́ àjọni pẹ̀lú aládùúgbò, kí wọ́n yọ pákó ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi waya tó ní férémù igi dípò rẹ̀, kí wọ́n sì gbé páànù sókè díẹ̀ lórí ògiri ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná á gba òkè lọ.

Páànù ihòòhò lábẹ́ oòrùn ọ̀sán jẹ́ ìyọnu. Ọ̀dà funfun lórí rẹ̀ ń dá ìtànṣán padà. Ẹní tàbí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ń dín èyí tó kù. Kí etí òrùlé yọ síta tó sẹ̀ńtímítà 75, nítorí òjò oṣù Kẹfà ní Èkó kì í rọ̀ ní òòró, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé.

Irú adìẹ náà ní ipa tirẹ̀. FUNAAB Alpha, tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta ṣe jáde láti ara adìẹ ìbílẹ̀, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2018, ní àwọn kan nínú rẹ̀ tí ọrùn wọn kò níyẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn lè máa fi ẹwà wọn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ihòòhò yẹn ni ooru ń gbà kúrò lára wọn.

Ìṣirò yàrá kan

Ká mú ìdáná tó gùn mítà 3, tó fẹ̀ mítà 2.4. Ìlọ́po wọn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7.2. Kí wọ́n yọ 1.2 fún àpótí oúnjẹ àti ibi tí olùtọ́jú yóò dúró sí. Ó ku 6. Bí adìẹ mẹ́rin bá wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ilé náà gba 24. Àwọn kan á fún un di 40, wọ́n á sì rí ẹyin gbà fún oṣù díẹ̀ kí àwọn adìẹ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ara wọn ní ìdí títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde.

Iye 24 yìí ló ń pinnu gbogbo ohun tó kù. Ìtẹ́ kan tó adìẹ márùn-ún, nítorí náà ìtẹ́ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ sẹ̀ńtímítà 30 níbùú lóòró, ní igun tó ṣókùnkùn jù. Adìẹ kan ń fẹ́ sẹ̀ńtímítà 20 lórí ọ̀pá ìbà. 24 ń fẹ́ mítà 4.8, ìyẹn ọ̀pá méjì tó gùn mítà 2.4, gẹ́gẹ́ bí ìbú yàrá náà. Igi ni kí wọ́n fi ṣe é, kó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 5, kí wọ́n ha etí rẹ̀, kí wọ́n sì kàn án mọ́lẹ̀ gbọin. Ẹni tó bá ta okùn dípò igi ti gbàgbé pé adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Fíìdà gígùn tí wọ́n lè jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì kò gbọ́dọ̀ kúrú ju mítà 1.2 lọ.

Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ gíráàmù 120 lójúmọ́, gbogbo wọn á jẹ kílò 2.88. Àpò oúnjẹ kílò 25 kò ní lò tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó tán. Lítà 6 ni omi wọn ní ọjọ́ tó tutù, 12 ní ọjọ́ tó gbóná, èyí kò sì jẹ́ ohun kékeré nínú ilé tí wọ́n ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Kí dírínkà ga dé ẹ̀yìn adìẹ, kó má baà da omi sórí ilẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún ní Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ, adìẹ ẹlẹ́yin sì ń fẹ́ 14 sí 16. Gílóòbù kékeré kan láàárọ̀ kùtù yóò dí àlàfo náà. Àárọ̀ ló dára ju alẹ́ lọ, nítorí bí iná bá lọ lójijì lálẹ́, òkùnkùn á bá adìẹ lórí ilẹ̀, wọn kò ní rí ọ̀pá ìbà mọ́.

Èérún pákó tí wọ́n fá ni kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kó jìn tó sẹ̀ńtímítà 10. Ibi ìlagi ni wọ́n ti ń rà á. Kí wọ́n ra èyí tí wọ́n fá, kì í ṣe ìyẹ̀fun tí ayùn ń tú jáde. Ìyẹ̀fun ń wọ imú adìẹ. Láti mọ̀ bóyá ilé ń mí, kí olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú orí adìẹ, kó mí sínú. Ẹni tó bá dúró gangan lè sọ pé kò sí òórùn. Bí ojú rẹ̀ bá ta nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ náà ti rin jù.

Eku

Èkó ní ìtàn pẹ̀lú eku. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Àwọn wolé-wolé ń ti ojúlé dé ojúlé wo ibi tí eku lè farapamọ́ sí.   Oúnjẹ adìẹ tó dà sílẹ̀ lóru jẹ́ ìpè sí eku, ní àdúgbò tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀.

Waya onígun mẹ́fà tí wọ́n ń tà fún adìẹ dá adìẹ dúró, kò dá eku dúró. Waya tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà 1.25 lọ, ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kun ún nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń tètè mú un dípẹtà. Ihò omi ìfọkòkò àtijọ́, tó ti ṣe wá lóore, gbọ́dọ̀ ní waya tirẹ̀. Àlàfo èéfín lókè náà bẹ́ẹ̀, torí eku ń gun ògiri. Kí oúnjẹ wà nínú dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ìdérí, kí fíìdà sì jáde kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Omi ilẹ̀

Erékùṣù Èkó rẹlẹ̀. Gómìnà William MacGregor, tó wà lórí oyè láti 1899 sí 1904, gbẹ́ ipa odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín erékùṣù náà àti Ìkòyí nítorí àbàtà àti ẹ̀fọn. Omi ṣì ń ru sókè láti abẹ́ ilẹ̀ ní ìgbà òjò. Bí símẹ́ǹtì ìdáná bá rin lábẹ́ láìsí òjò, kí wọ́n da ilẹ̀ tuntun lé e lórí, kó ga ju àgbàlá lọ ní sẹ̀ńtímítà 15, kí wọ́n sì tọ́jú ìdagẹrẹ rẹ̀.

Aládùúgbò àti àrùn

Abo adìẹ kò nílò àkùkọ kó tó yé ẹyin. Ẹyin tí kò ní di òròmọdìẹ náà jẹ́ ẹyin jíjẹ. Ní àdúgbò tí ògiri ti kan ògiri, ó dára kí àkùkọ má sí rárá. Òun kò mọ̀ pé ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde àríyá dé ní aago mẹ́rin òru.

Ọ̀rọ̀ àrùn kò ní àwàdà nínú. Wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2006, ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́rìí sí pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Àrùn náà tún padà dé Èkó àti Kánò ní 2015. 

Ohun tí èyí béèrè nínú ìdáná tí a ń sọ kò pọ̀: bàtà kan tí kì í jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, ọṣẹ àti omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òfin pé adìẹ tí wọ́n rà lọ́jà kò gbọ́dọ̀ wọ inú àwọn tó wà nílé kó tó lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún Newcastle, àrùn adìẹ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní agbègbè Ìbàdàn láàárín oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953, ń ti ilé ìwádìí NVRI ní Vom wá. Inú yìnyín ni kó wà títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ adìẹ; èyí tó bá ti yá nínú ọkọ̀ kò wúlò mọ́.

Ìgbẹ́ adìẹ 24 tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta lójúmọ́. Kò sí oko ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì yẹ kó wọ gọ́tà. Bí èérún pákó bá gbẹ dáadáa, ó ṣeé dì sínú àpò fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lápá Ọ̀jọ́. Bó bá rin, kò sẹ́ni tó máa gbà á sínú ọkọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ilé ìkẹ́rù kan gùn mítà 3.6, ó fẹ̀ mítà 2.5. Ó ní ilẹ̀kùn kan tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ògiri mẹ́ta tó kù jẹ́ àjọni pẹ̀lú aládùúgbò, páànù rẹ̀ sì kan orí ògiri yíká. Bí a bá tẹ̀lé ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ nìkan, láìyọ àyè oúnjẹ àti ti olùtọ́jú kúrò, ó gba adìẹ 36. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán rẹ̀, kó fi ọfà tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde, kó sì kọ iye adìẹ tí òun yóò fi síbẹ̀ ní tòótọ́ sí abẹ́ àwòrán náà. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ òdo, kó sọ ìdí rẹ̀.